Jíjá íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ìpè fóònù

Jíjá íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ìpè fóònù jẹ́ ìṣòro tí ó máa ń wáyé nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò nínú ilé bá dúró ní kété tí ìpè bá wọlé, tàbí tí ẹnìkan bá gbé fóònù láti pe ẹlòmíràn, tí ó sì tún máa ń padà bọ̀ sípò nígbà tí ìpè náà bá parí. Ní àwọn ibi tí wáyà tẹlifóònù ti wọ ilé, bí i ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ara wáyà bàbà tí fóònù orí tábìlì àti íntánẹ́ẹ̀tì jọ ń gbà ni ìṣòro náà máa ń wà. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, inú fóònù alágbèéká ni ó ti ń ṣẹlẹ̀: fóònù kan náà tí ń gba ìpè ni ó ń fi hotspot pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà àti fún àwọn fóònù yòókù nínú ilé.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ ni pé “nẹ́tíwọ̀kì ti já” tàbí pé “dátà ti tán”. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ṣi ni lọ́nà. Nẹ́tíwọ̀kì lè dára, kí dátà sì kún inú síìmù, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì dúró síbẹ̀. Púpọ̀ nínú owó tí wọ́n ń ná nítorí ìṣòro yìí, yálà láti ra dátà kún dátà tàbí láti ra síìmù tuntun, jẹ́ owó tí kò yẹ kí wọ́n ná.

Ọ̀nà kan, èrò méjì

Ohùn àti dátà kì í ṣe ohun kan náà lójú nẹ́tíwọ̀kì. Ìpè ohùn ti àtijọ́ nílò ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni méjì tí ń sọ̀rọ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti kí ara wọn títí di ìgbà tí wọ́n bá dágbére. Bí wọ́n tilẹ̀ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, tiwọn ṣì ni ọ̀nà náà. Dátà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á di ègé kọ̀ọ̀kan bí ẹrù, wọ́n á kọ àdírẹ́sì sí i lára, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ nígbàkígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ohùn àti dátà bá pàdé lórí ọ̀nà tí kò gba méjì, àwọn tí wọ́n ṣe ètò nẹ́tíwọ̀kì alágbèéká ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohùn ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Ìpinnu náà ní ìdí. Ẹrù dátà lè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí ó sì dé láìní àbùkù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu tí a bá gé láàárín kò ní ìtumọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpinnu yìí, kò sí ẹni tí ń ṣe ìdánwò tàbí tí ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀.

Lánlátẹ̀, NITEL àti wáyà tí kò dé ilé

Ìlú méje ni wọ́n sábà máa ń kà sí ilẹ̀ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Àyétẹ̀, Tápà àti Ìgangan. Wọ́n pín sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá àti Àríwá Ìbàràpá. Ọ̀kan nínú wọn, Lánlátẹ̀, ní ipò pàtàkì nínú ìtàn tẹlifóònù ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni ibùdó orí ilẹ̀ tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Nigerian External Telecommunications, tí wọ́n ń pè ní NET. Àwo ńlá ibùdó náà kọjú sí sátẹ́láìtì Intelsat, ìpè láti Nàìjíríà sí òkè òkun sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní 1985 ni wọ́n da NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, P&T, tí wọ́n sì sọ àpapọ̀ wọn ní NITEL.

Ìpè tí ó ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè tipa bẹ́ẹ̀ gba orí ilẹ̀ Ìbàràpá lọ sí ojú ọ̀run, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìbàràpá kò ní fóònù kankan. Kì í ṣe Ìbàràpá nìkan. Kí GSM tó dé, ìlà tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, fún orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn inú rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fo ìpele fóònù oníwáyà kọjá, tí wọ́n bọ́ sórí fóònù alágbèéká tààrà. Agbára NITEL ń dínkù díẹ̀díẹ̀, títí tí wọ́n fi fa dúkìá rẹ̀ lé NATCOM, tí ń lo orúkọ ntel, lọ́wọ́ ní 2015. Láàárín àkókò yìí, fóònù orí tábìlì tí kò ní wáyà, tí ó ń lo ọgbọ́n CDMA, wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú ńlá bí i Èkó àti Ìbàdàn nípasẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bí i Starcomms, Multilinks àti Visafone. Ìrísí rẹ̀ jọ ti fóònù onílé, ó sì ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ rédíò kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìpè tí ó bá wọlé lè dá íntánẹ́ẹ̀tì náà dúró. Ẹni tí ó bá ti lo irú fóònù bẹ́ẹ̀ rí ti mọ ìṣòro yìí kí 4G tó dé.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú fóònù alágbèéká

Lẹ́tà tàbí nọ́ḿbà kékeré tí ó máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì nẹ́tíwọ̀kì lókè ojú fóònù ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí. G tàbí E túmọ̀ sí pé 2G ni fóònù wà. 3G, H tàbí H+ jẹ́ ti 3G, nígbà tí 4G tàbí LTE jẹ́ ti 4G. Ọ̀nà tí ohùn àti dátà gbà ń bá ara wọn gbé yàtọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Lórí 2G, ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Bí ìpè bá wọlé, dátà yóò dúró pátápátá, yóò sì máa dúró títí ìpè yóò fi parí. Kò sí ohun tí ènìyàn lè tẹ̀ lórí fóònù tí yóò yí èyí padà.

3G ni ó kọ́kọ́ tú ìdè yìí. Ìwé àṣẹ 3G jáde ní Nàìjíríà ní 2007, ọgbọ́n rẹ̀ sì fàyè gba kí fóònù kan sọ̀rọ̀ kí ó sì tún lo íntánẹ́ẹ̀tì ní àkókò kan náà. Íntánẹ́ẹ̀tì lè falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní láti já.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé 4G ni yóò wá parí ọ̀rọ̀ náà. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀, ibí yìí sì ni ìdààmú ti pọ̀ jù. Dátà nìkan ni wọ́n ṣe 4G fún. Kò ní ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún ohùn rárá. Nítorí náà, nígbà tí ìpè bá fẹ́ wọlé sórí fóònù tí ó wà lórí 4G, nẹ́tíwọ̀kì yóò pàṣẹ fún fóònù náà pé kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G láti gba ìpè. Dátà yóò dúró nígbà tí fóònù bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá bọ́ sórí 3G, dátà yóò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2G ni ó bọ́ sí, dátà kò ní padà títí ìpè yóò fi parí, ó sì tún lè gba àkókò lẹ́yìn náà kí fóònù tó gòkè padà sí 4G.

Ìgbì rédíò tí ó lọ sílẹ̀ máa ń rìn jìnnà ju èyí tí ó ga lọ. 900 MHz jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìgbì tí 2G máa ń lò, nígbà tí 2100 MHz wọ́pọ̀ fún 3G. Ní àárín ìlú bí i Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, níbi tí òpó nẹ́tíwọ̀kì wà nítòsí, fóònù tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lè bá 3G pàdé. Bí ènìyàn bá ti ń lọ sí àwọn abà, tàbí sí ẹ̀yìn òkè àti àpáta tí ó pọ̀ ní agbègbè náà, 2G ni ó ṣeé ṣe jù kí ó kù. Ìdí nìyí tí fóònù kan náà, pẹ̀lú síìmù kan náà, fi lè pa íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ nígbà ìpè ní ọjà kí ó sì já nínú oko.

Àtúnṣe tí àwọn onímọ̀ ṣe sí i ni VoLTE, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń di ohùn fúnra rẹ̀ bí ẹrù dátà, kí ìpè lè gba orí 4G kọjá láìsí pé fóònù sọ̀ kalẹ̀. Ní 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ní Gúúsù Kòríà àti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé e jáde fún àwọn oníbàárà. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn wà ní iwájú nínú ìtàn 4G: ibẹ̀ ni Smile ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2013, ibẹ̀ náà sì ni Airtel ti kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀ ní 2018. Glo àti MTN bẹ̀rẹ̀ 4G ní 2016. Ṣùgbọ́n kí 4G wà kò túmọ̀ sí pé VoLTE wà lórí gbogbo fóònù.

Síìmù méjì lẹ́yìn kan

Fóònù onísíìmù méjì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà nítorí pé àwọn ènìyàn fẹ́ fi nẹ́tíwọ̀kì kan pè kí wọ́n sì fi èkejì ra dátà tí kò wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn fóònù wọ̀nyí ní ihò síìmù méjì ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rédíò kan ṣoṣo. Igbó-Ọrà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, yóò tètè lóye èyí: ìyá ìbejì lè bí méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ẹ̀yìn rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí fóònù kò bá ṣe nǹkan kan, rédíò náà máa ń bojú wo síìmù méjèèjì ní ìdákúrekú, débi pé ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì wà lójúfò. Bí ìpè bá wọ síìmù kìn-ín-ní, rédíò yóò dojú kọ ọ́ pátápátá, dátà tí ó wà lórí síìmù kejì yóò sì dúró. Nínú irú ọ̀ràn yìí, àmì 4G lórí síìmù dátà lè pòórá lójú fóònù nígbà ìpè.

Ọ̀ràn yìí ni wọ́n máa ń ṣì mú jù lọ. Ẹni tí dátà rẹ̀ wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ilé-iṣẹ́ tí ó ta dátà fún un, nígbà tí ó jẹ́ pé ìpè orí síìmù mìíràn, láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ni ó gba rédíò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń dá ìdí rẹ̀ mọ̀

Fóònù méjì ni àyẹ̀wò náà gbà. Wọ́n á tan hotspot lórí èyí tí ìṣòro wà, wọ́n á so kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn mọ́ ọn, wọ́n á sì ṣí ohun tí ń lọ láìdúró, bí i fídíò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fóònù kejì pè é, tí wọ́n á sì tẹjú mọ́ lẹ́tà tí ó wà lókè. Ó dára kí wọ́n tún un ṣe bí ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì kì í sọ̀ kalẹ̀ sí ibì kan náà ní gbogbo ìgbà.

Bí 4G bá di H, tí fídíò náà dúró díẹ̀ tí ó sì tún ń lọ, fóònù sọ̀ kalẹ̀ sí 3G ni. Bí ó bá di E, tí ohun gbogbo sì dúró títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀, 2G ni ó bọ́ sí. Bí 4G bá dúró síbẹ̀ láìyẹsẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń lọ, VoLTE ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ìṣòro lórí síìmù yẹn. Bí fóònù bá ní síìmù méjì, kí wọ́n yọ èyí tí kò ní dátà, kí wọ́n sì pe nọ́ḿbà síìmù dátà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá já mọ́, pínpín rédíò láàárín síìmù méjèèjì ni ó fà á.

Àmì Wi-Fi lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nítorí ìpè, àmì náà yóò ṣì kún gbọingbọin, kọ̀ǹpútà yóò sì máa sọ pé òun wà lórí ìsopọ̀. Òótọ́ ni: ìsopọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti fóònù kò já. Ìsopọ̀ láàárín fóònù àti òpó nẹ́tíwọ̀kì ni ó já. Ìdí nìyí tí pípa Wi-Fi àti títún un tàn kì í fi í ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Ìpè WhatsApp kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dátà ni òun fúnra rẹ̀, nítorí náà kì í mú kí fóònù sọ̀ kalẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń já nígbà ìpè WhatsApp, àìlera nẹ́tíwọ̀kì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Àtúnṣe

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni VoLTE. Inú Settings ni ó máa ń wà, lábẹ́ ètò síìmù tàbí nẹ́tíwọ̀kì, pẹ̀lú orúkọ bí i VoLTE, 4G Calling tàbí HD Voice. Kí ó tó ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ̀kì, síìmù àti fóònù gbọ́dọ̀ gbà á. Fóònù tòkunbọ̀ sábà máa ń ní ìṣòro níbí. Ó lè ní VoLTE nínú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní òkè òkun nìkan ni ó mọ̀, kí ètò náà má sì hàn rárá nígbà tí wọ́n bá fi síìmù Nàìjíríà sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra fóònù fún íntánẹ́ẹ̀tì ilé yóò ṣe ara rẹ̀ láǹfààní bí ó bá fi síìmù rẹ̀ dán an wò lójú ẹni tí ń tà á kí ó tó sanwó. VoLTE kò béèrè pé kí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ náà ní i. Bí ẹnìkejì bá wà lórí 2G, fóònù tí ó ní VoLTE yóò ṣì dúró lórí 4G tirẹ̀.

Fún síìmù méjì, ọ̀pọ̀ fóònù Android tuntun ní ètò tí wọ́n ń pè ní Data during calls, iPhone sì ní Allow Cellular Data Switching. Iṣẹ́ wọn ni pé nígbà ìpè, fóònù yóò yá dátà síìmù tí ń sọ̀rọ̀ lò, yóò sì dá a padà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́ bí síìmù tí ń sọ̀rọ̀ kò bá ní dátà. Ìwọ̀nba dátà díẹ̀ lórí síìmù ìpè ti tó fún èyí. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ìpè àti dátà wà lórí síìmù kan ṣoṣo ní àkókò iṣẹ́ pàtàkì.

Níbi tí 3G bá ti lágbára tí VoLTE kò sì sí, wọ́n lè yí fóònù sí 3G nìkan fún wákàtí tí wọ́n ń lò ó. Eré íntánẹ́ẹ̀tì yóò dínkù, ṣùgbọ́n fóònù kò ní ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀ mọ́, nítorí pé ó ti wà níbi tí ó ń lọ. Fún kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí ó lọ́ra tí kò já sàn ju èyí tí ó yára tí ń já. Idà kejì ni kí wọ́n ti fóònù mọ́ orí 4G nìkan, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nípa títẹ *#*#4636#*#* lórí Android. Ìyẹn yóò dáàbò bo dátà, ṣùgbọ́n bí VoLTE kò bá sí, fóònù náà kò ní lè pè, kò sì ní gba ìpè, ó sì lè dí ìpè pàjáwìrì sí 112 lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ṣe é gbọ́dọ̀ rántí láti dá a padà.

Do Not Disturb kò wúlò fún èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú. Ariwo ni ó ń pa. Ìpè yóò ṣì dé inú fóònù, fóònù yóò sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí ó ń dá ìpè padà kí ó tó dé ni fífi ìpè ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà mìíràn: **21*, kí nọ́ḿbà kejì tẹ̀lé e, kí # sì parí rẹ̀. ##21# ni wọ́n fi ń fagi lé e. Ilé-iṣẹ́ lè gba owó ìpè lórí rẹ̀. Èyí kan náà ni àwọn gbájú-ẹ̀ fi ń jí ìpè gbé, nípa bíbẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n tẹ kóòdù tí nọ́ḿbà àjèjì wà nínú rẹ̀, kí ìpè tí báńkì fi ń sọ kóòdù ìdánilójú lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kò sí ìdí kankan láti tẹ̀ ẹ́ fún nọ́ḿbà ẹni tí a kò mọ̀. *#21# yóò fi hàn bí ẹnìkan bá ti ṣe é sórí fóònù láìsọ.

Bí ilé kan bá ní agbára rẹ̀, ẹ̀rọ MiFi tàbí rọ́tà tí a fi síìmù dátà sí ni àtúnṣe tí ó pé jù, nítorí pé kì í gba ìpè. Ẹni tí kò bá lè rà á lè sọ fóònù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti là di hotspot, kí ó fi síìmù tí kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ḿbà rẹ̀ sí i. Fóònù tí kò sí ẹni tí ń pè kò ní ìdí láti já. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Starlink náà ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ìpè fóònù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé.

Ìfowóránṣẹ́ àti iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́

Èrúwà ni Adeseun Ogundoyin Polytechnic wà, Igbó-Ọrà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Lánlátẹ̀ sì ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà láti 1963 lábẹ́ ètò ìlera ìlú tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ti ń gba àyè ìgbaniwọlé tí JAMB bá fún wọn. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpè bá dá dúró ní ìdajì lè sọ ohun tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ nù. Nítorí náà, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti gbà á.

Owó ni ọ̀ràn náà ti le jù. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ pé kí owó lọ, àṣẹ náà yóò kọ́kọ́ dé báńkì, lẹ́yìn náà ni èsì yóò padà sórí fóònù. Bí ìpè bá wọlé láàárín méjèèjì, báńkì lè ti san owó náà kí fóònù sì máa sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá tún un fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ lè san owó ẹ̀ẹ̀mejì fún ọjà kan. Kí wọ́n jẹ́ kí ìpè parí, kí wọ́n wo iye tí ó kù àti àkọsílẹ̀ ìfowóránṣẹ́ inú áàpù báńkì kí wọ́n tó tún ohunkóhun tẹ̀. Ẹ̀rọ POS tí ó ní síìmù tirẹ̀ kì í ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ POS tí ó ń fi áàpù orí fóònù ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí àwọn oníbàárà sì ní nọ́ḿbà rẹ̀, wà nínú ewu rẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì oníwáyà

Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Peckham tàbí ibòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìrísí àkọ́kọ́ ìṣòro yìí ti lè kàn, ní àwọn ọdún tí fóònù onílé àti káàdì ìpè olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ọ̀nà láti pe ilé. Lórí wáyà bàbà kan ṣoṣo, ohùn ènìyàn ń lo ìgbì tí kò ju 4 kHz lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ADSL sì ń lo èyí tí ó wà láàárín nǹkan bí 25 kHz àti 1,104 kHz. Méjèèjì lè jọ rìn láìkọlu ara wọn bí asẹ́ bá wà níbi tí fóònù ti wọ inú wáyà. Asẹ́ náà jẹ́ àpótí kékeré tí kì í jẹ́ kí ìgbì íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú fóònù, tí kì í sì í jẹ́ kí ariwo fóònù wọ inú ìgbì íntánẹ́ẹ̀tì.

Àkókò tí íntánẹ́ẹ̀tì já ni ó máa ń tú àṣírí. Bí ó bá já nígbà tí agogo fóònù ń dún nìkan, iná agogo náà ni kí wọ́n fura sí, nítorí pé ó lágbára tó fólítì 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń fi ibi tí wáyà ti bàjẹ́ hàn. Bí ó bá já láti ìgbà tí wọ́n gbé fóònù títí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, asẹ́ kò sí lórí fóònù kan, tàbí ó ti bàjẹ́. Bí ohùn pàápàá bá ń ṣe wíríwírí, tí ó sì ń burú sí i lẹ́yìn òjò, ìpata ti mú ojú ìsopọ̀ wáyà. Fún àyẹ̀wò, wọ́n á yọ gbogbo fóònù inú ilé kúrò, wọ́n á so rọ́tà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wáyà ìta wọ̀, wọ́n á sì máa dá àwọn fóònù padà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú asẹ́ tirẹ̀ títí wọn yóò fi mọ èyí tí ń fa ìjà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdánwò kan máa ń wà lẹ́yìn ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì àgbà nínú ilé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣì ń já níbẹ̀, wáyà ìta ni, ilé-iṣẹ́ tí ó ni wáyà ni ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ilẹ̀ náà ti ń pa nẹ́tíwọ̀kì tẹlifóònù àtijọ́ yìí, wọ́n sì ti fi ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027 ṣe gbèǹdéke rẹ̀. Ní àwọn ilé tí wọ́n ti yí padà, inú rọ́tà ni wọ́n ń ki wáyà fóònù bọ̀, ìpè sì ti di dátà. Fóònù gbígbé kò lè já íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ mọ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, fóònù ni yóò kú.